Níbo la ti lè ṣa òkúta gidi jọ láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́?

Olùkọ́ Jọ́gíráfì béèrè pé:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìwé girama kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ́ Jọ́gíráfì. Bí a bá dé orí ẹ̀kọ́ nípa àpáta, òkúta mẹ́rin péré ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ṣa ìkankan nínú wọn. Mo fẹ́ ṣa tuntun jọ kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé: èyí tó ń dán, èyí tó dúdú, mábù, àti òkúta iyebíye bó bá ṣeé ṣe. Ibo ni kí n dorí kọ? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé gíránáìtì kan náà ló wà nílẹ̀ láti Tákìẹ́ títí dé Ọ̀yọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

* * *

Ọmọ Agbẹ́kànga:

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, Olùkọ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dúró létí kànga tí wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́ ni. Bàbá mi gbẹ́ kànga nínú ìlú yìí títí agbára rẹ̀ fi dínkù, èmi ni mo sì máa ń fa garawa sókè fún un. Ilẹ̀ pupa ló ń kọ́kọ́ jáde, yangí á tẹ̀ lé e, ilẹ̀ funfun tó ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ á tẹ̀ lé ìyẹn, kí díígà tó wá kan òkúta. Kànga méjì lè wà nínú àgbàlá kan ṣoṣo, kí ọ̀kan bọ́ sórí àpáta tó ní ìlà dúdú àti funfun bí aṣọ òfì, kí èkejì bọ́ sórí iṣan òkúta funfun tó ń kọ mànà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹ kọ́kọ́ wọ igbó lọ. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga, kí ẹ yẹ òkìtì tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò. Òkúta tó ti ìsàlẹ̀ wá ṣì le, àwọ̀ rẹ̀ ṣì mọ́. Èyí tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀, òjò àti oòrùn ti jẹ ẹ́ lára débi pé inú rẹ̀ gan-an kò hàn mọ́. Òkìtì yẹn sì ń dí onílé lọ́wọ́. Bí ẹ bá kí i dáadáa, tí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, ó lè ní kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ara òkìtì kànga ni mo ti ṣà á. Kò tóbi ju àkàrà ńlá kan lọ. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ feldspar, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìdajì kejì jẹ́ quartz, ó dà bí omi tí wọ́n kán mílíìkì díẹ̀ sí. Mica lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ní ìpele-ìpele. Bí mo bá ti èékánná bọ̀ ọ́, á ṣí bí ewé Bíbélì, mo sì lè gba inú rẹ̀ wo gílóòbù. Láàárín gbogbo wọn ni ọ̀pá dúdú kan wà, kò gùn ju ìka ọmọdé lọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lọ lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá wo ojú ibi tó ti kán, igun mẹ́ta ló ní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì yọ síta díẹ̀. Tourmaline dúdú nìyẹn.

Oríṣi mẹ́rin nínú òkúta kan ṣoṣo, Olùkọ́, láìná kọ́bọ̀. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní pegmatite. Nígbà tí gíránáìtì ń tutù nísàlẹ̀ ilẹ̀, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ni omi pọ̀ nínú rẹ̀ jù, ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tó dì nínú rẹ̀ tóbi tó báyìí. Ilẹ̀ funfun tó ń yọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, feldspar tó ti jẹrà ló di bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí i nínú kànga, ẹ dúró síbẹ̀.

* * *

Ọmọ Agbẹ́kànga:

Ẹni mẹ́ta ti dáhùn pé ẹgbẹ́ títì ló dára jù, níbi tí wọ́n ti gé òkè lulẹ̀ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà. Òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ọ̀nà tuntun láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àti èyí tó ti Ìṣẹ́yìn wá, ti ṣí àpáta tí àwọn bàbá wa kò rí rí. Ẹ lè fojú rí i kedere bí iṣan funfun ṣe gba àárín àpáta dúdú kọjá.

Àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn pé kí olùkọ́ kó ọmọ lọ síbẹ̀. Tírélà pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, òkúta tí wọ́n gé náà sì lè já lulẹ̀ lórí ẹni tó dúró sábẹ́ rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Bí ẹ̀yin nìkan bá fẹ́ lọ, ẹ lọ láàárọ̀ Sunday, ẹ gbé ọkọ̀ jìnnà sí títì, kí ẹ ṣa èyí tó ti já sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi òòlù kan ara ògiri àpáta yẹn rárá. Ohun kan tún wà tí àwọn tó dáhùn kò sọ: òkúta wẹ́wẹ́ tó wà létí títì lè má jẹ́ ti ibẹ̀. Típà ló kó o wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Bí ẹ bá ṣà á, tí ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára, irọ́ lẹ kọ yẹn.

Ní ti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fúnra rẹ̀, ẹ mú lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ilé ìwé dání, kí ẹ sì rí ọ̀gá ibẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa lọ. Ibi tí èmi lọ, wọ́n fún wa ní akoto, wọ́n yan ẹnìkan tì wá, wọ́n sì ní orí òkìtì kan báyìí nìkan la ti lè ṣà. Wákàtí kan péré ni wọ́n fún wa. Ó tó wa.

Ẹnìkan tún dárúkọ etí odò Ọbà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ bu yanrìn sínú igbá, ẹ máa fi omi yí i, èyí tó fúyẹ́ á bá omi lọ, yanrìn dúdú tó wúwo á kù sísàlẹ̀. Ẹ fi mágnẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́ kàn án, díẹ̀ nínú rẹ̀ á fò mọ́ ọn. Àwọn ọmọ á fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n àlejò ni òkúta odò, kò lè sọ ilé rẹ̀ fún yín.

* * *

Ọmọ Agbẹ́kànga:

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ti wá gbóná báyìí, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń dáko lápá Ìkòyí-Ilé kọ ọ́ pé ilẹ̀ bàbá òun ni òun ń ro, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òkúta inú rẹ̀ kì í ṣe tòun. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín yé mi, ó sì dùn mí pẹ̀lú yín, àmọ́ òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, abala 44, ìsọ̀rí 3, fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin ìwakùsà ti 2007 tún sọ ohun kan náà. Iṣu tó wà lórí ebè jẹ́ tiyín, ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ wà á tà gbọ́dọ̀ gba ìwé ní ọ́fíìsì tó ń rí sí i ní Àbújá. Nítorí náà, ẹni tó bá wá bá yín pẹ̀lú ẹ̀rọ, tó ní Baálẹ̀ ti fọwọ́ sí i, ẹ béèrè ìwé Àbújá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlòmíì wá fò lé ìyẹn, ó ní bó bá jẹ́ ti ìjọba ni, kí ló dé tí òun á fi máa kí àgbẹ̀ kan kí òun tó ṣa òkúta? Èyí ni mi ò lè gbà láéláé.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wọ oko kan lábúlé kan pẹ̀lú òòlù àti àpò, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Kí n tó kan òkúta kejì, àwọn ọdẹ ti yí mi ká. Wọ́n gba àpò mi, wọ́n mú mi lọ síwájú ilé Baálẹ̀, mo sì jókòó sórí ilẹ̀ láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án títí wọ́n fi kírun alásàrì. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Àwọn kan ti wá gbẹ́ kòtò káàkiri oko wọn lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n sì lọ láìdí i. Màlúù ará gáà kan já sínú ọ̀kan, ìjà tó ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ kò sì tíì tán nílẹ̀ nígbà tí mo dé. Ìyá àgbà kan ló wá bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo dárúkọ bàbá mi. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ọkùnrin tó gbẹ́ kànga ilé àbúrò mi?" Bí wọ́n ṣe dá àpò mi padà nìyẹn. Baálẹ̀ kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, "Ká ní o kí wa láàárọ̀ ni, à bá ti yan ọmọ tó máa mú ọ lọ." Mo padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú obì dání, wọ́n sì yan ọmọ náà fún mi lóòótọ́.

Kí ẹ kí Baálẹ̀, kí ẹ kí ẹni tó ni ilẹ̀, kí ẹ tún kí ẹni tó ń ro ó lọ́wọ́, torí wọ́n lè má jẹ́ ẹnì kan náà. Bí gáà bá wà nítòsí, ẹ kí wọn níbẹ̀ náà. Pẹ̀lú ẹ̀rù ajínigbé tó gba àwọn ọ̀nà wa kan, ọmọ abúlé tó ń ṣíwájú yín ló mọ ibi tí kò yẹ kí ẹ dé. Kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ ti dé títì.

Ibì kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ mú òkúta kankan: Ọgbà Orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́ Ilé. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin (km²), nítorí náà ó rọrùn láti ṣìnà wọ inú rẹ̀. Ẹ béèrè ààlà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀. Àwọn òkè tí wọ́n ń bọ náà ńkọ́, bí òkè Àdó-Àwáyè tí adágún Ìyáké wà lórí rẹ̀? Ẹ gùn ún, ẹ ya àwòrán, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

* * *

Ọmọ Agbẹ́kànga:

Arákùnrin kan gbé àwòrán òkúta dúdú kan síbí, ó wúwo, ihò wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀. Ó ní ojú ọ̀run ló ti já, òun sì ti ń wá ẹni tó máa rà á.

Àbúrò, ìdàrọ́ ni. Ohun tó ń ṣàn jáde nígbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ bá ń yọ́ irin nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì àwòrán yín: ó ṣàn bí àbẹ́là tó yọ́, ó wá dì. Ihò inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀ nígbà tó gbóná. Òkúta tó já láti ọ̀run kì í sábà ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ irin yíyọ́ gbilẹ̀ gan-an ní ilẹ̀ wa; Ìsúndúnrin lẹ́bàá Èjìgbò ṣì gbajúmọ̀ fún un. Bí ìdàrọ́ bá pọ̀ lójú kan, iléeṣẹ́ àwọn baba wa ló wà níbẹ̀. Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un, ẹ ya àwòrán, kí ẹ fi hàn àwọn onímọ̀ ní yunifásítì. Bí ẹ bá kó o kúrò, ẹ ti ya ojú ewé kan kúrò nínú ìtàn nìyẹn.

Ẹ̀dùn àrá náà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń hú u jáde tí wọ́n bá ń kọ ebè: òkúta tó dán, tí ẹnu rẹ̀ mú bí àáké. Àwọn onímọ̀ ní àáké tí èèyàn fi ọwọ́ lọ̀ kí irin tó dé ni. Àwọn onísàngó ní ti Ṣàngó ni, ojúbọ ló sì ń gbé. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà wò ó, kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwé.

* * *

Ọmọ Agbẹ́kànga:

Ọ̀rọ̀ òkúta iyebíye ló kù, mo sì mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ yín ń dúró dè.

Ó wà. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, tourmaline pupa tó jáde lápá Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn gbé orúkọ ìpínlẹ̀ wa dé ọjà àgbáyé. Kómu ní Òkè-Ògùn náà gbajúmọ̀ fún tourmaline. Ohun tó kù fún àwa tí a ń ṣa òkúta ni kòtò àti òkìtì tó wà létí wọn. Ẹnìkan ní kí Olùkọ́ lọ sínú kòtò tí wọ́n ti pa tì, pé ibẹ̀ ni nǹkan wà. Nǹkan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti ṣa èérún kan lórí òkìtì rí, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi zóbò tí wọ́n bu omi là. Ṣùgbọ́n mi ò wọ kòtò, mi ò sì ní wọ̀ ọ́. Wọ́n gbẹ́ abẹ́ etí rẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo lè mú un wó. Nígbà òjò, omi á bo ojú rẹ̀, koríko á hù yí i ká, ẹ ò sì ní mọ̀ pé kòtò ni. Ẹ má mú ọmọ ilé ìwé débẹ̀. Bí ẹ bá rí wáyà tàbí ohun tí ẹ kò mọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Gbogbo wa la rántí ìbúgbàmù tó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ní 16 January 2024. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ lálẹ́ ọjọ́ náà pé àwọn awakùsà tí kò gba ìwé ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé. Èèyàn kú, ọ̀pọ̀ ilé sì wó.

Àwọn kan ní kí ẹ kúkú rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní Ìbàdàn. Ìyẹn dára ju kòtò lọ. Ẹ béèrè èérún, èyí tí wọn ò lè gé ṣe òrùka, owó rẹ̀ kì í pọ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún dígí. Ọ̀bẹ kò lè ha tourmaline. Bí ẹ bá sì gbé dígí sójú oòrùn, ẹ lè rí afẹ́fẹ́ roboto kéékèèké nínú rẹ̀. Lára ìwé rẹ̀, ẹ kọ "a rà á". Òǹtajà lè dárúkọ ìlú tó bá wù ú.

* * *

Olùkọ́ Jọ́gíráfì:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rí òkìtì kànga méjì ládùúgbò mi láàárọ̀ yìí nìkan! Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí mo ṣà? Mábù ńkọ́? Èwo ló sì dára jù, ẹ̀ẹ̀rùn àbí òjò?

* * *

Ọmọ Agbẹ́kànga:

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, láti January sí March. Iná ti jó koríko, ilẹ̀ hàn, ejò ò rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹni tó ní òjò ló dára torí pé ó ń fọ ilẹ̀ kò ṣì í sọ, ṣùgbọ́n èmi ò lọ nígbà òjò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí kan náà ni wọ́n ń gbẹ́ kànga jù, torí omi ti lọ sísàlẹ̀.

Láti mọ̀ ọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èékánná àti ọ̀bẹ. Èékánná lè ha òkúta tó rọ̀ bíi talc. Ọ̀bẹ á ha mábù, kò ní ha quartz. Quartz ló máa ha dígí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe quartz mọ́ mábù nítorí pé méjèèjì funfun, ọ̀bẹ á yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún fi ọ̀bẹ ha òkúta náà kí ó yọ lẹ́búlẹ́bú díẹ̀, kí ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bó bá ń hó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mábù ni. Ìgbẹ́tì ni ti mábù gidi, ọ̀nà Ìkòyí ni kí ẹ gbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, nítorí náà lẹ́tà ilé ìwé ni kí ẹ mú lọ. Ẹ tún lè béèrè èérún lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ilẹ̀ tẹ̀rásò.

Ẹ má lọ òkúta tí ẹ kò mọ̀ nílé o. Ní Zamfara ní 2010, òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ nínú ilé, eruku rẹ̀ sì pa ọmọdé tó lé ní 400.

Òkúta tí omi kó jọ ní ìpele-ìpele, tí ẹ̀ka kejì nínú ìwé yín dá lé lórí, kò sí lágbègbè wa. Ẹ má wá a. Ẹ ní kí ojúlùmọ̀ kan tó bá ń ti Ewékorò bọ̀ mú òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wá fún yín, kí èyí tó bá ń ti Share ní Kwara bọ̀ sì mú òkúta oníyanrìn.

Èyí tó kù ni mo fi ọkàn bẹ̀ yín lé lórí jù. Bàbá mi máa ń mú òkúta kan wálé láti inú kànga kọ̀ọ̀kan tó bá gbẹ́. Ó tò wọ́n sẹ́yìn ilé ìdáná. Bó bá gbé ọ̀kan, á sọ ilé tó ti wá, á sọ bó ṣe jìn tó kí omi tó jáde, á sọ ẹni tó bá a fa okùn lọ́jọ́ náà. A ò kọ ìkankan sílẹ̀. Nígbà tó kú, a ka mẹ́tàdínlógójì. Mo mọ ibi tí méjì ti wá, torí èmi ni mo fà wọ́n sókè. Márùndínlógójì tó kù wà níbẹ̀ títí di òní, mo máa ń fọwọ́ kàn wọ́n, kò sì sí ohun tí mo lè sọ fún ọmọ mi nípa wọn.

Torí náà, kí ẹ tó gbé òkúta kúrò nílẹ̀, ẹ kọ ọ́: àdúgbò, orúkọ tí wọ́n ń pe ilé náà, bí kànga ṣe jìn tó, ọjọ́, ẹni tó fún yín. Ẹ fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí òkúta náà lára, kí nọ́ńbà kan náà wà nínú ìwé.

Kànga kan ní òpópónà wa kan àpáta lánàá, bàbá onílé sì ti gbà pé kí ẹ wá. Bí ẹ bá lè dé ní Sátidé, ẹ kọ̀wé sí mi, kí n wá pàdé yín ní Tákìẹ́ ní aago méje àárọ̀. Ẹ mú ìwé àti bírò dání. Àpò wà lọ́wọ́ mi.